Ìlà Òjé Lára Pákó

Àṣìṣe kékeré ni. Ọkùnrin tó ń tún bátìrì ọkọ̀ ṣe ní ṣọ́ọ̀bù tó kọjú sí ilé ẹ̀kọ́ wa gbàgbé láti nu ọwọ́, ó sì gbé e lé páálí tuntun tí oníbàárà kan fẹ́ fi gbé bátìrì relé. Oníbàárà bínú, ó ju páálí sílẹ̀. Ọkùnrin náà mú un, ó tẹjú mọ́ ọn. Àpá náà kò jọ ọwọ́. Ó jọ ọ̀nà tí àgbàrá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ́ kọjá. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Àwọn kan ń sọ pé ọ̀dà ló ń kùn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kò ra ọ̀dà rí. Ìyẹ̀fun òjé tó ń jábọ́ láti inú bátìrì tó ti kú ló fi ń yàwòrán, pẹ̀lú ọ́ìlì àlòkù àti omi tíì tó bá kù nínú ife. Yóò fi ahọ́n lá ìka, yóò tì í bọ ìyẹ̀fun, yóò fa ìlà kan gùn lára páálí tàbí pákó, yóò sì tún fi ahọ́n lá ìka.

Fọkanáísà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ a máa pe é ní Ọlọ́wọ́-Dúdú.

“Ọlọ́wọ́-Dúdú, màlúù nìyí àbí afárá?”

“Bó o bá fẹ́ rí màlúù, tọ àwọn alápatà lọ. Ìlà ni mo fà.”

Aránṣọ ni ìyàwó rẹ̀. Ó já fóòmù fún un nínú àwọn àga tó ń rán aṣọ sí. “Olówó orí mi, fi èyí ṣe é. Yéé lá nǹkan tó o kò mọ̀.”

“Fóòmù kì í gbọ́ràn. Ìka ló mọ ibi tí ìlà ń lọ.”

Ológbò tó ń sùn lórí àwọn páálí náà ni àìsàn kọ́kọ́ ṣe. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pòyì lójú kan. Kí ọ̀sẹ̀ tó pé, ó kú. Lẹ́yìn náà ni inú bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ ọkùnrin náà. Nígbà tó ń rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ kan, ìyàwó rẹ̀ rí ìlà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ lórí èrìgì rẹ̀, ẹ̀rín sì kú lẹ́nu obìnrin náà. Kòkòrò tí ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ rọ láti ọrùn ọwọ́. Kò lè gbé e sókè mọ́. Wọ́n dá a dúró sí ilé ìwòsàn.

“Òjé ti wọ ẹ̀jẹ̀ yín,” dókítà wí. “Bí ẹ bá tún fẹnu kàn án, ọwọ́ yìí kò ní gbéra mọ́. Lẹ́yìn ọwọ́, ọpọlọ ló kàn.”

“Mo gbọ́, dókítà.”

Ó gbọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n pákó ńlá kan wà ní yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù tó ti ń fa ìlà sí láti oṣù mẹ́ta, igun kan péré ló kù. Ìyàwó rẹ̀ àti fọkanáísà fọ ṣọ́ọ̀bù náà mọ́ tónítóní. Wọ́n kó gbogbo ìyẹ̀fun dànù. Obìnrin náà gbé kẹrosíìnì àti ìṣáná dúró níwájú pákó náà pẹ́, ó sì gbé wọn padà. Kò lè sun ún. Ó ní ó ń ṣe òun bíi pé pákó náà ń wo òun.

Ní ọjọ́ Ẹtì, ó gbé aṣọ tó ti fọ̀ lọ sí wọ́ọ̀dù. Kò sí ẹnikẹ́ni lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó sáré lọ sí ṣọ́ọ̀bù.

“Ó wá,” fọkanáísà sọ, kò ṣàwàdà. “Ó fi ọwọ́ òsì gbọn gbogbo páànù ìyẹ̀fun tó wà níbẹ̀. Kò rí nǹkan kan. Mo dì í mú, ó ní, ‘Bùọ̀dá, igun kan ló kù.’ Ohùn rẹ̀ wúwo bíi ti ẹni tó fi nǹkan sẹ́nu.”

Awakọ̀ akẹ́rù kan ló rí i kẹ́yìn. Ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ pẹ̀lú àpò òfìfo kan ní ibi tí wọ́n ń da bátìrì àlòkù sí, lẹ́yìn ojú irin rélùwéè.