Orúkọ Àgbà Lẹ́nu Mi

Àwọn tó ti ń gbé Torino, ní ilẹ̀ Ítálì, ṣáájú mi kìlọ̀ oríṣiríṣi nǹkan fún mi. Wọ́n ní òtútù ibẹ̀ a máa wọ inú eegun. Wọ́n ní tí mo bá ń gbàdúrà, kí n má pariwo, torí aládùúgbò lè pe ọlọ́pàá. Wọ́n ní kí n má yà sílé ẹnikẹ́ni láìkọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ láago. Kò sẹ́nì kan tó sọ fún mi pé orúkọ lásán ló máa fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi.

Fissa ni wọ́n ń pe irú iṣẹ́ náà nígbà yẹn, nígbà tí wọ́n ṣì ń ná owó lírà: kéèyàn máa gbé pẹ̀lú arúgbó, kó máa dáná fún un, kó máa wẹ̀ ẹ́, kó máa bá a sọ̀rọ̀. Ìyá kan ni wọ́n ní kí n máa tọ́jú. Wọ́n ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún, irun wọn funfun bí òwú, ẹsẹ̀ wọn ò gbé wọn dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n ẹnu wọn mú. Ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, obìnrin, ń gbé ní Modena, ó sì máa ń wá lọ́jọ́ Ìsinmi. Òun ló gbà mí. Ó ní prova ni oṣù àkọ́kọ́: bí inú ìyá òun bá dùn sí mi, mo lè dúró, bí kò bá dùn, kí n palẹ̀ ẹrù mi mọ́. Mi ò sì níbi tí mo lè gbé ẹrù náà lọ, torí ẹni tí mo ń sùn sọ́dọ̀ rẹ̀ ní Padova ti fi àyè mi fún ẹlòmíràn.

Lọ́jọ́ tí mo dé, mo kúnlẹ̀ kí ìyá. Wọ́n wo ilẹ̀, wọ́n bi mí pé kí ló já bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo ní kò sí, mo dìde. Wọ́n wá sọ orúkọ wọn fún mi, orúkọ àbísọ lásán, láìsí nǹkan kan níwájú rẹ̀, wọ́n ní bí n ó ṣe máa pe àwọn nìyẹn. Mo rẹ́rìn-ín. Mo rò pé wọ́n ń bá mi ṣeré ni.

Ní Ọ̀yọ́ tí wọ́n ti bí mi, ọmọ tó bá pe àgbà lórúkọ, wọ́n á ní kò rí ẹ̀kọ́ ilé. Ẹ̀gbọ́n mi tó fi ọdún kan péré jù mí lọ, mi ò jẹ́ pè é lórúkọ láé. Orúkọ ìyá mi gan-an, mo ti ń lọ sílé ìwé kí n tó mọ̀ ọ́n. Èmi yìí ni kí n wá la ẹnu pe ẹni tó lè bí ìyá mi?

Mo bá ń pè wọ́n ní signora, bí ẹni ní ìyáàfin. Wọ́n ní àlejò ló ń pe èèyàn ní signora, pé ẹni tó ń fọ ẹ̀yìn fún àwọn kì í ṣe àlejò. Mo yí i sí mamma. Ọmọ wọn gbọ́ ọ lọ́jọ́ Ìsinmi, ojú rẹ̀ yí padà. Ó fà mí wọ ilé ìdáná, ó ní, "Mamma tèmi ni. Èmi nìkan ni wọ́n bí." Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra. Nílé wa, ìyá ẹnì kan, ìyá gbogbo àdúgbò ni. Obìnrin yìí wá ń wò mí bí ẹni tó jalè.

Mo pa orúkọ tì. Tí mo bá fẹ́ pe ìyá, màá húkọ́, màá ní, "Scusi," bí ẹni ní ẹ jọ̀ọ́. Ìyá náà lórí kunkun, wọn ò dá mi lóhùn. Mo gbé ọbẹ̀ wá, mo ní scusi, wọ́n kọjú sí fèrèsé títí ọbẹ̀ fi tutù. Àwọn àgbà ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ní tèmi, ẹnu tó dákẹ́ ló fẹ́ kó bá mi. Oṣù ń parí lọ. Ọmọ wọn pè mí lórí fóònù, ó ní ṣé òótọ́ ni pé ìyá òun kì í jẹun mọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo jókòó tì wọ́n, mo fi ìwọ̀nba èdè tí mo gbọ́ ṣàlàyé. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, nílé wa, èébú ni. Mi ò lè bú yín."

Wọ́n ní, "Ọkọ mi ló ń pe orúkọ mi, ó ti kú. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ń pè é, wọ́n ti kú. Ọ̀rẹ́ mi kan ń pè é láti ojú fèrèsé tó wà lókè yẹn, a sin ín lọ́dún tó kọjá. Gbogbo àwọn tó kù, signora ni, mamma ni, ìyá àgbà ni. Ta ló kù tó mọ̀ mí?"

Mo wọ ilé ìdáná, mo ṣí omi ẹ̀rọ kó máa dún, mo ń fi orúkọ náà dánra wò. Ó wúwo lẹ́nu mi. Nígbà tí mo padà sí yàrá, orúnkún mi ti kanlẹ̀ kí n tó mọ̀. Lórí ìkúnlẹ̀ yẹn ni mo ti pe ìyá lórúkọ.

Wọ́n nà tọ́ lórí àga. Wọ́n na ọwọ́ sókè bí ọmọ ilé ìwé tí tíṣà pe orúkọ rẹ̀, wọ́n ní, "Presente!" Lẹ́yìn náà ni wọ́n bú sẹ́kún, èmi náà sì ń sunkún nílẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n jẹ ọbẹ̀ tán lọ́jọ́ náà. Kò sẹ́ni tó tún dárúkọ prova sí mi létí.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo lọ sí cabina, ilé fóònù tó wà lójú títì, mo ra káàdì, mo fóònù ìyá mi. Lẹ́yìn tá a kíra tán, mo ní, "Màmá, ta ló ṣì ń fi oríkì pè yín?"

Wọ́n kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Wọ́n wá ní, "Ìyá àgbà ìsàlẹ̀ ilé nìkan ló ṣẹ́ kù tẹ́lẹ̀. A sì ti sin wọ́n nígbà ọyẹ́. Kí ló dé tó o fi ń bèèrè?"

Mo mọ oríkì náà. Mo kúnlẹ̀ sínú cabina, ọkùnrin tó ń dúró de fóònù sì ń wò mí láti ẹ̀yìn gíláàsì. Mo la ẹnu. Orúkọ ìyá Torino, mo ti pè é láàárọ̀ ọjọ́ náà kí n tó jáde. Oríkì ìyá tó bí mi, ẹnu mi kọ̀ ọ́.

"Kò sí nǹkan kan, Màmá," mo ní. "Ẹ kú ilé o."