Páásíwọ́ọ̀dù Tí Ìyàwó Ilé Kò Gbọdọ̀ Pè

Inú mi kì í pẹ́ ru. Kí n tètè fẹnu ara mi sọ ọ́ kí ẹlòmíràn tó bá mi sọ ọ́. Gbogbo ọdún tí mo fi ṣe tíṣà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kò sí ọmọ tó sùn ní kíláàsì mi lẹ́ẹ̀mejì. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ kékeré kan fẹ́ sọ mí di òpè nínú ilé wa ní Òsí, ìbínú ni mo fi kò ó lójú, ìbínú yẹn ló sì kù díẹ̀ kó ba gbogbo nǹkan jẹ́.

Àwa méjì péré ló ń gbé inú ilé náà: èmi àti ìyá ọkọ mi, tí mo ń pè ní Màmá. Bàbá ọkọ mi ti kú tipẹ́. Ọkọ mi náà kú nígbà tí ọmọ kan ṣoṣo tí a bí wà ní sẹ́kọ́ńdìrì. Opó méjì, adìẹ mẹ́fà, àti ráútà kan. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ló gbé ráútà náà, ẹ̀rọ tó ń fún fóònù ní íńtánẹ́ẹ̀tì, wá láti Àbújá nígbà tó wálé ọdún Kérésìmesì. Ojú fèrèsé pálọ̀ tó kọjú sí ọ̀nà Ìlọfà ló gbé e sí, torí ibẹ̀ nìkan ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń wọlé dáadáa. Nítorí ọmọ mi tó wà ní Kánádà ló ṣe rà á. Màmá ló tọ́ ọmọ náà dàgbà ní gbogbo ìgbà tí wọ́n ń gbé mi láti ilé-ìwé kan dé òmíràn, ọmọ náà sì fẹ́ máa rí ojú ìyá àgbà rẹ̀.

Kí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tó padà, ó fi ẹ̀rọ náà hàn mí. Ó ní, "Ìyàwó wa, páásíwọ́ọ̀dù méjì ló ní o. Ọ̀kan ni àlejò fi ń wọ pálọ̀ rẹ̀ láti lo nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ìkejì ni onílé fi ń wọ yàrá rẹ̀ láti ṣètò ẹ̀rọ. Bí ẹ bá wọ yàrá, ẹ lè pààrọ̀ ohunkóhun tó bá wù yín." Ó kọ ti pálọ̀ sínú pépà fún wa. Ti yàrá, ó ní òun á sọ ọ́ fún mi lọ́jọ́ tó bá di dandan. Mo ní ẹ ṣeun sà, mo padà sídìí iṣẹ́ mi.

Ọwọ́ Màmá ni pépà náà bọ́ sí. Nílé wa, àlejò kì í wá kó lọ lófìfo. Bó ṣe omi ni, bó ṣe ẹ̀pà ni, ó gbọ́dọ̀ fẹnu kan nǹkan. Màmá ki pépà náà bọ inú ìwé orin rẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá sì ti wólẹ̀ kí i dáadáa, á fà á yọ fún un. Á ní, "Gbà, fi panu." Kò ju oṣù méjì lọ tí gbogbo ọ̀dọ́ àdúgbò fi kó bẹ́ǹṣì wá sábẹ́ igi máńgòrò wa, tí fóònù ń tàn lójú wọn. Mo pariwo títí. Màmá ní, "Ule tí ẹnìkan kì í yà sí, ṣé ule nìyẹn?"

Mo ṣì ń bá a fà á lọ́wọ́ nígbà tí ọmọ mi bímọ. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi wojú Ọlọ́run. Lọ́jọ́ tí wọ́n pè mí pé ó ti sọ̀ kalẹ̀ láyọ̀, ọkùnrin ni, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ kíṣìnì ni mo jókòó sí, mo sunkún títí ọbẹ̀ fi jóná lórí iná. Nígbà tó yá, ọmọ mi fúnra rẹ̀ pè mí. Ó ní, "Mọ́mì, Ìyá Àgbà ni yóò kọ́kọ́ pe orúkọ ọmọ yìí. Ẹnu wọn ni mo fẹ́ kó ti gbọ́ ọ. Mo ti bá àwọn ará ilé ọkọ mi sọ ọ́, wọ́n sì gbà." Kò burú. Ẹnu àgbà lobì ti ń gbó. Ṣùgbọ́n Màmá ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún, àtidé Ararọ̀mí-Ọ̀pin gan-an ti di iṣẹ́ fún un, áḿbọ̀ńtorí Kánádà. Ráútà ojú fèrèsé nìkan ló lè gbé ohùn rẹ̀ débẹ̀.

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta kí wọ́n sọmọ lórúkọ, a ní ká dán an wò. Háà, ìtìjú ni. Àwòrán Màmá dúró gbagidi pẹ̀lú ẹnu yíyà, ohùn rẹ̀ ń já wẹ́lẹwẹ̀lẹ, gbólóhùn kan kò dé ọ̀hún pé. Ọmọ mi bú sẹ́kún. Ó ní, "Mọ́mì, ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi dúró de ọjọ́ yìí o." Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Mo yọjú lójú fèrèsé, mo rí wọn lábẹ́ máńgòrò, ẹni tó ń wo bọ́ọ̀lù ń wò ó, ẹni tó ń wo fíìmù ń wò ó. Àwọn ló ń fa nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà gbẹ.

Mo fi ọ̀pá lé wọn. Wọ́n ní kí n má bínú, wọ́n kó bẹ́ǹṣì wọn lọ sẹ́yìn ògiri, wọ́n sì ń bá iṣẹ́ wọn lọ níbẹ̀. Ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi rò pé mo ti ṣẹ́gun. Àṣé ráútà kò mọ ohun tó ń jẹ́ ògiri.

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ ìsọmọlórúkọ mọ́, tí mo tún dán an wò, bákan náà ló rí. Aago méjì ọ̀sán wa ni wọ́n fi àdéhùn sí, òwúrọ̀ tiwọn nìyẹn. Ó wá di dandan kí n wọ yàrá, kí n pààrọ̀ páásíwọ́ọ̀dù pálọ̀, kí gbogbo àlejò bọ́ síta. Mo yí ráútà náà délẹ̀, mo rí àdírẹ́sì tí wọ́n kọ sí i nídìí, mo tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù mi. Ó bi mí ní páásíwọ́ọ̀dù. Ẹni tó ní sùúrù ì bá pe ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀. Èmi kọ́. Mo tẹ orúkọ ọmọ mi, kò gbà. Mo tẹ orúkọ ìjọ wa, kò gbà. Mo fi ìbínú tẹ ọ̀rọ̀ tó wà nínú pépà Màmá, ló bá kọ ọ́ sí mi lójú pé ó ku ẹ̀ẹ̀mejì, bí mo bá tún ṣì í, ó di ọ̀la kí n tó lè gbìyànjú.

Ìgbà yẹn ni mo tó pe ẹ̀gbọ́n ọkọ mi. Ó wà lójú ọ̀nà Lọ́kọ́ja. Ó ní, "Orúkọ Bàbá wa ni, ìyàwó wa. Ẹ fi nọ́ńbà ara ògiri tẹ̀ lé e." Nọ́ńbà ara ògiri kò ṣòro, àwọn tó wá ka ilé ló fi ọ̀dà kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn wa. Mo ní, "Èwo nínú orúkọ wọn, sà?" Fóònù ti já. Mo pè é títí, kò wọlé mọ́.

Ẹni tí wọ́n fẹ́ sí ìlú ńlá lè má mọ ìdí tí ara mi fi tutù. Ìyàwó kì í pe orúkọ ẹni tó bá nílé ọkọ. Ọmọ tí wọ́n bí ku ọ̀la tí wọ́n gbé mi wọlé, ọkọ mi ni. Èmi ni mo máa wá orúkọ tí màá máa pè é. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ń jẹ́ Ọkọ Mi Gíga lẹ́nu mi di òní. Bàbá ọkọ mi, Bàbá Wa ni mo pè wọ́n títí wọ́n fi kú. Orúkọ mẹ́ta ni wọ́n ní, mo sì ti rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lára sàréè wọn nínú àgbàlá wa, ṣùgbọ́n èwo ni àwọn ọmọ wọn kà sí orúkọ? N kò mọ̀. Orúkọ tí kò dé ẹnu ẹni rí kì í fìdí kalẹ̀ lórí ẹni. N kò sì ní kọ ọ́ síhìn-ín.

Orúkọ mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀mejì péré ló kù. Mo lọ bá Màmá níbi tó ti ń mu ẹ̀kọ. Mo rọra ní, "Màmá, nínú orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta Bàbá Wa, èwo gan-an ni wọ́n ń jẹ́?"

Ó wò mí tìyanu-tìyanu. Ó ní, "Èmi? Ọgọ́ta ọdún ó lé tí mo ti wọ ule yìí, n kò pè é rí. Ìgbà tó ti sùn tán ni kí n wá máa pè é?"

Ta ni kí n tún bi? Bàbá Káfíńtà ni gbogbo àdúgbò mọ̀ wọ́n sí. Àwọn ọ̀dọ́ ẹ̀yìn ògiri lè bá mi wádìí rẹ̀ káàkiri, ṣùgbọ́n ṣé àwọn tí mo fẹ́ tilẹ̀kùn mọ́ ni kí n tún fi kọ́kọ́rọ́ hàn? Aago méjìlá ti kọjá. Orí mi gbóná, mo sì ṣe ohun tí n kò ṣe rí láti ọjọ́ tí mo ti wọlé ọkọ: mo jágbe mọ́ Màmá. Mo ní, "Ẹ̀yin náà lẹ ṣáà pín pépà fún gbogbo ìlú! Bí ọmọ mi bá tún sunkún lónìí, ẹ̀yin lẹ fà á."

Ó gbé ṣíbí rẹ̀ sílẹ̀. Ojú tì mí, ojú tì mí gan-an, mo kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti mú ọ̀pá rẹ̀, ó ń bọ́ síta. Mo tẹ̀ lé e.

Ìdí sàréè ló lọ. Mo ti sá èlùbọ́ láfún sórí rẹ̀ láti àárọ̀, gbogbo rẹ̀ funfun. Màmá fi ọwọ́ gbá èlùbọ́ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi yọ lára símẹ́ńtì, ó tẹjú mọ́ wọn, ó sì tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ lé ti àárín. Màmá kò mọ ìwé kà. Mo ní, "Ẹ dákun, Màmá, báwo lẹ ṣe mọ̀?"

Ó ní, "Bó ṣe fọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì tó kàn fún mi nìyí. Ojoojúmọ́ ni mò ń nù ún. Lọ ṣe ohun tí o fẹ́ ṣe."

Mo padà sídìí fóònù. Mo ń sọ fún ara mi pé ìka kì í ṣe ẹnu, mo sì ń tẹ̀ ẹ́ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú nọ́ńbà ara ògiri lẹ́yìn rẹ̀. Ilẹ̀kùn ṣí.

Mo rí gbogbo wọn níbẹ̀, fóònù mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, òmíràn tilẹ̀ gbé orúkọ olówó rẹ̀ dání. Mo rí ti akọ̀wé ìjọ wa, ẹni tílé rẹ̀ wà lódìkejì ọ̀nà, tó máa ń gbà wá níyànjú lọ́jọ́ Ìsinmi pé ká má fọwọ́ kan ohun olóhun. Mo wá ibi tí wọ́n ti ń pààrọ̀ páásíwọ́ọ̀dù pálọ̀, mo fi tuntun sí i, mo tẹ̀ ẹ́ kó gbà. Gbogbo iná ara ráútà kú. Èmi náà kò mí. Ìgbà tó ṣe díẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tàn padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo gbọ́ lẹ́yìn ògiri pé, "Ó ti lọ o." Ẹnìkan ní kí wọ́n ní sùúrù, yóò dé. Mo jókòó, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú mi.

Lágogo méjì, Màmá ti wé gèlè funfun rẹ̀. Mo gbé fóònù tì síwájú rẹ̀. Ọmọ mi yọ, ó mọ́lẹ̀ kedere, débi pé mo rí i pé kò sùn tó. Ó gbé ọmọ sápá. Wọ́n gbàdúrà, wọ́n fi oyin kan ọmọ lẹ́nu, pásítọ̀ wọn wá ní, "Ìyá Àgbà, orúkọ wo lẹ sọ ọmọ yìí?"

Màmá sún mọ́ fóònù náà. Ló bá pè é. Orúkọ àárín. Ó fi ẹnu ara rẹ̀ pè é, ketekete, ohùn rẹ̀ kò já. Mo yíjú wò ó. N kò mọ ìgbà tí mo ní, "Màmá?"

Ó ní, "Ọkọ mi ni n kò gbọdọ̀ pè. Eléyìí, ọmọ mi ni." Ó tún pè é lẹ́ẹ̀kejì, ó pè é lẹ́ẹ̀kẹta, omi ń ṣàn lójú rẹ̀, kò sì nù ún. Àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ti padà wá sábẹ́ fèrèsé láti wádìí ohun tó ṣe nẹ́tíwọ́ọ̀kì gbà á lẹ́nu rẹ̀ bí a ti ń ṣe níbi ìsọmọlórúkọ, gbogbo wọn ń pè é, wọ́n ń ṣàdúrà. Kọ́kọ́rọ́ yàrá ni wọ́n ń pè yẹn o, wọn kò sì mọ̀. Kò tilẹ̀ dùn mí mọ́.

Ọmọ mi ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Mọ́mì, ó ku ẹ̀yin. Ẹ pè é."

Mo yíjú sí Màmá. Màmá gbá mi lórúnkún. Ó ní, "Pè é. Ọmọ tìẹ náà ni." Mo la ẹnu, mo sì pe orúkọ bàbá ọkọ mi fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi, ohùn mi kéré. Mo ní ṣé wọ́n gbọ́ ọ lọ́hùn-ún.

Ọmọ mi ní, "A gbọ́ yín, Mọ́mì. Gbogbo rẹ̀ la gbọ́."