Ta Ni Yóò Ra Àgádágodo Géètì Wa?

Òṣìṣẹ́ ìjọba bíi tèmi ló kún àdúgbò wa ní Àkúrẹ́. Nígbà tí àgádágodo géètì wa bàjẹ́, a ò ra òmíràn. Ṣebí ìjọba ló ni ètò ààbò? Èmi akọ̀wé àdúgbò kọ lẹ́tà sí ìjọba ìbílẹ̀ àti ti àpapọ̀. Bàbá ọlọ́dẹ wa kúkú fi okùn ewúrẹ́ so géètì pa.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, aṣojú ìjọba méjèèjì dé. Bàbá ti lọ sóko, kò sì sẹ́ni tó lè tú kókó tó ta. Wọ́n jiyàn níta lórí ẹni tí yóò sanwó títí ó fi sú wọn. Ni wọ́n bá kọ ọ́ pé ààbò wa péye, a ò nílò ìrànlọ́wọ́, wọ́n na ìwé náà sí mi láàárín irin géètì. Iṣẹ́ ìjọba ti mọ́ mi lára: bí mo ṣe ríbi ìbuwọ́lù báyìí, mo buwọ́ lù ú.