Máàkì Mẹ́wàá fún Orúnkún Tí Ẹnikẹ́ni Kò Rí

Wọ́n fẹ́ ti kíláàsì mi pa nítorí pé mo máa ń wo orúnkún ọmọ kí n tó fún un ní máàkì.

N kò ṣàwàdà. Ní Apo níbí, nínú yàrá ìkàwé kan tí ẹgbẹ́ àwa Yorùbá Abuja ń yá lò láàárọ̀ Sátidé, ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Abuja ní èdè bàbá wọn. Àwọn mẹkáníìkì á máa lu páànù mọ́tò lọ́ọ̀ọ́kán, èmi náà á máa pariwo lé ìró òòlù wọn lórí. Ọmọ tó bá fi Hausa dá mi lóhùn pé "yauwa" níbi tó ti yẹ kó sọ pé "ẹ ṣé, sà," a ó jọ tún un sọ títí yóò fi mọ́ ọn lẹ́nu.

Èmi ni mo jókòó ṣe àtẹ ìgbéléwọ̀n tí a fi ń máàkì wọn. Iṣẹ́ olùkọ́ ni mo kà ní yunifásítì, n kò méfò. Àtẹ náà sọ ohun tí a ń wò lára ọmọ, ó sọ iye tó tọ́ sí ẹni tó ṣe é pé, àti iye tó tọ́ sí ẹni tó ṣe é ní ààbọ̀. Ìwé kíkà wà níbẹ̀, ìtàn sísọ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìkíni ni mo fi síwájú. Máàkì mẹ́wàá: kí ọkùnrin dọ̀bálẹ̀, kí obìnrin kúnlẹ̀, kí orúnkún méjèèjì kanlẹ̀, kí ẹnu sì pe àgbà ní "ẹ." Ọmọ tó bá tẹ orúnkún kan bí ẹni tó fẹ́ so okùn bàtà, márùn-ún ni tirẹ̀. Bí mo ṣe kọ ọ́ gan-an nìyẹn.

Nígbà tí ẹgbẹ́ ní kí a ṣí kíláàsì orí ẹ̀rọ fún àwọn ọmọ tó jìnnà, àwọn ará Bwari àti àwọn tó ń gbé lọ́nà Idu, ọ̀dọ́bìnrin kan tí èmi fúnra mi kọ́ níṣẹ́ ni wọ́n gbé e fún. Ó pè mí.

"Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àtẹ yín yẹn ránṣẹ́ sí mi."

"Gbogbo ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀, sà. Ta ni mo tún fẹ́ lọ bá?"

Orí mi wú. Mo fi ránṣẹ́.

Kò pẹ́ tí orúkọ rẹ̀ fi gba ẹnu gbogbo ìyá ọmọ. Ó ra iná róbótó kan tó ń mú ojú rẹ̀ dán. Ohùn rẹ̀ dùn, n kò ní purọ́. Lórí gírúùpù ẹgbẹ́, àwòrán ọkàn pupa ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí i. Èmi tí ṣọ́ọ̀kì ń ba ṣẹ́ẹ̀tì mi jẹ́, àwòrán àtàǹpàkò lásán ni tèmi. Òun ni "tíṣà wa." Èmi ni "bọ̀dá Apo yẹn." Wọ́n ní mò ń jowú. Mò ń jowú! Ẹni tí wọ́n fi ọkọ́ rẹ̀ gba oko mọ́ ọn lọ́wọ́, ṣé ẹ̀rín ló yẹ kó máa rín ni?

Nígbà tí èsì ìdánwò dé, àwọn ọmọ tirẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo máàkì ìkíni tán. Tèmi ń rá pálá. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé bóyá ọwọ́ mi ló le, bóyá mo ti gbàgbé iṣẹ́.

Lẹ́yìn náà ni ìyá àwọn ọmọbìnrin méjì kan ní kí n wá kí ìyá òun tó wá láti ilé, lápá Kogi. Ẹ̀gbọ́n nínú àwọn ọmọ náà wà ní kíláàsì mi. Àbúrò wà ní ti orí ẹ̀rọ, ọ̀sán ni wọ́n ń ṣe é, nítorí pé kò fẹ́ máa tètè jí ní Sátidé. Mo bá a nínú pálọ̀ níwájú fóònù, ó ká ẹsẹ̀ sórí àga, abọ́ núdù wà lórí itan rẹ̀ níbi tí kámẹ́rà kò dé.

"Ó yá, ẹ kí mi!" ni tíṣà wa wí.

Ọmọ náà mi orí bí alángbá. "Ẹ káàsán, mà." Ṣíbí kò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ó káre! O kúnlẹ̀ dáadáa. Mẹ́wàá nínú mẹ́wàá!"

Nígbà tí wọ́n parí, ìyá rẹ̀ ní kó wá kí ìyá àgbà. Ó dìde, ó dúró gbagidi, ó mi orí lẹ́ẹ̀kan. Ìyá àgbà wò ó títí.

"Ṣé ọrùn ló ń dun ọmọ yìí ni?"

"Màmá, bí wọ́n ṣe ń kọ́ wọn nìyẹn."

"Ta ló ń kọ́ wọn?"

Gbogbo ojú yí sí mi. Kí n tó lanu, ẹ̀gbọ́n ti kúnlẹ̀, orúnkún méjèèjì lórí táìsì. Ìyá àgbà fà á mọ́ra. Inú mi ì bá dùn, ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ náà sìn mí dé géètì, ó ní, "Ọ́ńkù, torí orúnkún kan tí kò kanlẹ̀ lọ́jọ́ ìdánwò, márùn-ún lẹ fún mi. Àbúrò mi gba mẹ́wàá. Mo fẹ́ lọ sí kíláàsì àǹtí."

Mo pe ọ̀dọ́bìnrin náà. Mo ní kó jẹ́ kí àwọn ọmọ máa gbé fóònù jìnnà kí ẹsẹ̀ lè hàn.

"Ẹ̀gbọ́n, ilé ẹlòmíràn ò láyè. Ohun tí mo bá rí ni mò ń máàkì."

"Orúnkún tí o kò rí ńkọ́?"

"Mo gbà wọ́n gbọ́, sà."

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà dé iwájú ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ ẹgbẹ́. Alága bi mí pé, "Ta ló ṣe àtẹ yìí?"

"Èmi ni, sà."

"Ẹ wá fẹ́ máa bá àtẹ ara yín jà?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn ẹ̀rín ni wọ́n kéde: kíláàsì tí máàkì rẹ̀ ga ni yóò máa bá iṣẹ́ lọ. Tí táàmù yìí bá parí, Apo di títì, gbogbo ọmọ di ti orí ẹ̀rọ, ọ̀dọ́bìnrin náà di olórí olùkọ́. Èmi yóò máa bá a wo ọmọ tó wọlé àti ọmọ tí kò wọlé.

Ẹ̀yin ìgbìmọ̀, ìbéèrè mi rèé, iwájú gbogbo ẹgbẹ́ ni mo sì ti fẹ́ ìdáhùn. Nínú yín, ta ló rí ẹsẹ̀ ọmọ kan ṣoṣo lórí ẹ̀rọ yẹn? Kí ló dé tí ẹ fi fi òṣùwọ̀n kan náà wọn ohun tí a rí àti ohun tí a kò rí? Ọmọ tó kúnlẹ̀ gba márùn-ún, ọmọ tó ń jẹ núdù gba mẹ́wàá: èwo nínú wọn lẹ fẹ́ kó wá kí yín lọ́la? Kí ẹ sì tó gba kọ́kọ́rọ́ yàrá Apo lọ́wọ́ mi, ẹ sọ fún mi: kí ni kí n sọ fún ọmọ tó dúró sí géètì yẹn?