Irọ́ Tí Mo Pa Lójú Dókítà

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí fún yín. Ó ti rẹ̀ mí láti máa dá a gbé.

Ẹni tó bá mọ̀ mí ní Ṣakí mọ̀ pé télọ̀ ni mí. Ẹ̀gbọ́n mi, Ìyá Ganíyù, ni oníbàárà mi àkọ́kọ́. Ó sanra dáadáa. Gbogbo obìnrin ìdílé bàbá wa ló rí bẹ́ẹ̀, èmi náà ò sì kéré! Báwọn èèyàn bá rí wa, wọ́n á ní àwọn ọkọ wa ń tọ́jú wa. Àbí ta ló fẹ́ rù? Ẹni tó bá rù ni wọ́n ń bi pé kí ló ṣe é.

Lọ́jọ́ kan, mo ń fi téèpù wọn àyà rẹ̀ fún bùbá tó fẹ́ wọ̀ níbi ìgbéyàwó Ràfíátù ọmọ mi, ọwọ́ mi bá kan nǹkan líle nínú ọmú rẹ̀. Ó ní kí n fi í sílẹ̀, pé omi ọmú ló dì síbẹ̀ látìgbà tóun ti já àbíkẹ́yìn òun lẹ́nu ọmú. Ọmọ tó ti ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì! Òrí ló ń fi pa á láràárọ̀. Mo fà á lọ sọ́sibítù.

Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó wá bi wá bóyá ẹnikẹ́ni nínú ìdílé wa ti ní jẹjẹrẹ ọmú rí. Ẹ̀gbọ́n mi wojú mi. Àwa méjèèjì la mọ ohun tó pa Ìyá Ìpàpó, àbúrò bàbá wa. Ọmú ló wú títí tó fi di egbò. Wọ́n ní ayé ló ṣe é, bàbá wa sì kìlọ̀ pé a ò gbọ́dọ̀ sọ ọ́ síta. Ẹ ṣáà mọ̀ pé tí wọ́n bá fẹ́ fẹ́ ọmọ ẹni, wọ́n á kọ́kọ́ wádìí bóyá wèrè wà níbẹ̀, bóyá àrùn ìdílé wà níbẹ̀.

Nọ́ọ̀sì tó dúró tì wá, ẹ̀gbọ́n ọmọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ Ràfíátù ni, ará Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí. Mo yára dáhùn pé rárá o, kò sírú ẹ̀ nílé wa! Ẹ̀gbọ́n mi dákẹ́ nítorí mi.

Dókítà ní ká tètè lọ fi ẹ̀rọ ya àwòrán inú ọmú náà n'Íbàdàn. Nígbà tá a délé, ẹ̀gbọ́n mi ní ká jẹ́ kí ìgbéyàwó kọjá ná, kí àwọn àna má baà gbọ́. Mo gbà. Ẹ gbọ́ o, mo gbà!

Wọ́n sún ọjọ́ ìgbéyàwó síwájú nítorí ìkórè. Kí ọjọ́ náà tó pé, ọmú ti bẹ́. Ìgbà tá a máa fi dé Ìbàdàn, àrùn ti dé ẹ̀dọ̀.

Ibẹ̀ ni mo ti sọ̀rọ̀ Ìyá Ìpàpó, tẹkúntẹkún. Dókítà obìnrin tó wà níbẹ̀ ṣàlàyé pé ọ̀rá ara kì í kàn jókòó lásán. Ó ń ṣe họ́mónù, ìyẹn èròjà tó ń darí iṣẹ́ ara, pàápàá lẹ́yìn tí obìnrin bá ti dẹ́kun nǹkan oṣù, họ́mónù yẹn sì lè máa bọ́ jẹjẹrẹ ọmú. Ó ní jíìnì, ìyẹn àbùdá tá a jogún lọ́dọ̀ òbí, lè wà lára ohun tó ń jẹ́ ká sanra, ó sì lè kan bí àwọn họ́mónù náà ṣe ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ń wádìí rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó sanra ló ń ní in, àwọn tó rù náà ń ní in. Ṣùgbọ́n ìdílé tí irú ìtàn tiwa bá wà, ó yẹ kí wọ́n tètè máa yẹ ara wọn wò.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo dín aṣọ ẹ̀gbọ́n mi kù, torí ó ń rù, kó tó kú. Bóyá òótọ́ mi ì bá gbà á là, bóyá kò ní gbà á, n ò lè mọ̀ láé.

Lẹ́yìn àdúrà ogójì ọjọ́, èmi àti Ràfíátù lọ bá àwọn àna, mo sì tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n ní àwọn á rò ó. Títí di òní, wọn ò tíì pè wá, ìgbéyàwó ò sì tíì wáyé.

Nígbà tá à ń bọ̀, mo ń bẹ ọmọ mi. Ó ní, "Ìyá mi, ẹ rí i sọ fún àwọn àna. Kí ló dé tẹ́ ẹ ò lè sọ ọ́ fún dókítà?" Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, àwa méjèèjì ń lọ yẹ ara wa wò.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ikú ta ni wọn kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀ nílé yín? Ẹ bi àwọn àgbà, kẹ́ ẹ sì sọ ọ́ fún dókítà, ẹni yòówù kó dúró tì yín. Ẹ kọ tiyín sábẹ́ ibí, màá kà á. Bùbá ẹ̀gbọ́n mi ṣì wà lórí máṣíìnì mi, kò lápá kan.