Àwa Ará Kíláàsì Àfiwé

Lọ́dún tí ìjọba alágbádá padà dé, iṣẹ́ pọ̀ ní Ṣómólú. Àwọn olóṣèlú ń tẹ ìwé ìléwọ́ láìdúró, èmi sì wà lára àwọn ọmọbìnrin tó ń ká pépà nílé ìtẹ̀wé kan. N kò mọ ohun tí wọ́n kọ sára èyí tí mò ń ká. Kíláàsì mẹ́ta péré ni mo kà kí bàbá mi tó kú ní Ìjẹ̀bú, ìwọ̀nba tí mo kọ́ níbẹ̀ sì ti fò lọ lórí mi.

Ọmọbìnrin tó ń jókòó nídìí tábìlì, tó ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ oníbàárà, fẹ́ lọ sílé ọkọ lẹ́yìn ọdún Àjíǹde. Ọ̀gá wa ní bí mo bá ti lè kọ̀wé kí n sì kà á nígbà náà, èmi ni yóò gba ipò rẹ̀, torí pé n kì í bá èèyàn jà. Ìdí nìyẹn tí mo fi lọ sí kíláàsì ìrọ̀lẹ́ tí olùkọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ń ṣe fún àwa obìnrin nínú ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Bàrígà. Ọ̀fẹ́ ni.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, olùkọ́ ṣàlàyé pé òun fẹ́ gba oyè dókítà nínú ìmọ̀ bí a ṣe ń kọ́ni ní èdè. Ó ti ṣe ọ̀nà ìkàwé tuntun kan, ó sì fẹ́ fi hàn pé ó dára ju ti àtijọ́ lọ. Nítorí náà, apá kan nínú wa yóò kọ́ ti tuntun, apá kejì yóò kọ́ ti àtijọ́, kí ó lè fi wá wéra. A mú pépà nínú abọ́. Ti àtijọ́ ló bọ́ sí mi lọ́wọ́.

Pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló pín yàrá náà sí méjì, olùkọ́ sì ń lọ, ó ń bọ̀ láàárín wa. Lódìkejì, wọ́n ń pàlọ́, wọ́n ń kọrin, wọ́n ń ka ara páálí ọṣẹ àti agolo mílíìkì. Àwa ń pe a, b, d títí ọ̀fun fi gbẹ. Aránṣọ kan tí a jọ ń gbé ilé kan ní Pedro wà lọ́hùn-ún, ọmọ Ọ̀yọ́ tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Bí a bá ń lọ sílé, á máa ka pátákó ìta ṣọ́ọ̀bù sókè, á wá yíjú sí mi: "Ẹ̀yin ará a-b-d, ṣé ẹ ti gúnlẹ̀ sí w báyìí?" Mo máa ń bá a rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ń dùn mí.

Nígbà tó yá, mo ń gbé àga mi sún mọ́ pákó kí n lè gbọ́ tiwọn. Olùkọ́ rí mi. Kò bínú. Ó rọra gbé àga náà padà sídìí fèrèsé, ó ní bí mo bá ń gbọ́ tọ̀hún, àfiwé náà ti bàjẹ́ nìyẹn. Mo bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí n sọdá, mo ròyìn ọ̀rọ̀ tábìlì fún un. Ó wá sọ fún mi pé ọjọ́ pẹ́ tí òun ti wà lójú kan ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ọmọkùnrin tí òun fúnra òun kọ́ níwèé lánàá ti gba dókítà, ọmọ náà ló wá di ọ̀gá lé òun lórí. Bí òun kò bá ní oyè yìí, ibẹ̀ ni òun yóò wà títí òun yóò fi fẹ̀yìn tì.

Ó ní, "Ṣe sùúrù, ọmọ mi. Bí mo bá parí, ẹ̀yin náà ni mo máa kọ́ lọ́nà tuntun. Mo ṣèlérí."

Nígbà tó dán wa wò, apá ọ̀hún fi wá sílẹ̀ jìnnà. Mo há sórí ìlà kejì ìwé tó ní kí n kà. Olùkọ́ kọ ọ́ sílẹ̀, kò wò mí lójú, n kò sì mọ̀ bóyá inú rẹ̀ dùn. Ọdún Àjíǹde kọjá. Ọ̀gá gbé tábìlì fún ọmọbìnrin kan láti Ọbáníkòró tó ti jáde ìwé mẹ́wàá. Ọ̀nà àtijọ́ náà ló pàpà mú mi dé ibi tí mo fi lè kọ èyí, ṣùgbọ́n ọdún tó gbà kò kéré.

Lẹ́yìn tó gba oyè náà, olùkọ́ gbé ìrẹsì àti mínírà wá fún wa ní ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ti gbé e ga, wọ́n sì ti fi í ṣe olórí ẹ̀ka kan ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tó jìnnà sí Èkó. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wa, pàápàá àwa ará kíláàsì àfiwé. Ó ní láìsí wa, iṣẹ́ òun kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

N kì í sọ̀rọ̀ láàárín èrò, ṣùgbọ́n mo bi í pé, "Mà, ìgbà wo la máa bẹ̀rẹ̀ tiwa?"

Olùkọ́ bu ẹran kan sórí ìrẹsì mi.

"Ọmọ mi, iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún mi yìí ò fún mi láyè mọ́."

Mo jẹ ẹran náà. Lẹ́yìn náà, a bá a gbé ìkòkò rẹ̀ sínú ọkọ̀, gbogbo wa ń pè é ní Dókítà, èmi náà pè é bẹ́ẹ̀.