Orúkọ Kan Lára Ògiri Pápákọ̀ Òfurufú

Òórùn aró la máa ń jí sí nílé ìyá onílé mi l'Ówu, l'Ábẹ́òkúta. Tíṣà ni mí n'Íbarà nígbà yẹn, mi ò tíì lọ́kọ. Ìyá onílé ló ń rẹ àdìrẹ, ọkọ rẹ̀ ló ń gbé e lọ tà níbi tó jìnnà. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọkọ náà wọ bàálù n'Íkẹjà lọ sí apá àríwá lọ́hùn-ún.

Nírọ̀lẹ́, rédíò ní bàálù tó fẹ́ balẹ̀ níbẹ̀ já lulẹ̀ kó tó dé pápákọ̀, ó sì gbiná. Àwọn kan kú, àwọn kan yè. Wọn ò dárúkọ ẹnì kankan. Ìyá pa rédíò náà, ó tún un tàn, àfi bíi pé ó lè yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà.

Ojú ọ̀nà Ìkẹjà nilẹ̀ mọ́ bá wa. Wọ́n ti lẹ ìwé méjì mọ́ ògiri pápákọ̀ òfurufú, èrò ń ti ara wọn. Ìyá ò lè ka Òyìnbó. Ó di apá mi mú, èékánná rẹ̀ wọ̀ mí lára.

"Tíṣà, tètè bá mi wò ó."

Mo tètè wò ó lóòótọ́. Ìwé àwọn tó wà ní ọsibítù lojú mi kọ́kọ́ bà lé, mo sì rí orúkọ ọkọ rẹ̀ níbẹ̀, orúkọ tirẹ̀ àti ti bàbá rẹ̀. Mo kígbe: "Ìyá, wọ́n wà láyé!" Ó wólẹ̀ lórí kọnkéré, ó forí kanlẹ̀, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Kò tíì dìde tí akọ̀wé kan tó ti béèrè ìlú wa lẹ́nu ọ̀nà fi sún mọ́ mi. "Àǹtí, ẹ wo òpin ìlà náà, ará Ìbàdàn nìyẹn o. Wọ́n jọ ń jẹ́ orúkọ kan náà ni. Ẹ wo ìwé kejì."

Orúkọ náà wà nínú ìwé àwọn tó kú lóòótọ́, Abẹ́òkúta sì tẹ̀ lé e. Obìnrin Ìbàdàn kan lẹ́yìn wa gbọ́, ó fò sókè fáyọ̀. Bó ṣe rí ìyá nílẹ̀, ó fọwọ́ bo ẹnu. Èmi náà ni mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tí mo sọ fún ìyá. Mi ò rántí ohun tí mo sọ. Ojú rẹ̀ nìkan ni mo rántí.

Mọ́tò wa dé Wásinmi lọ́nà ilé. Ibẹ̀ ló ti bi mí pé, "Tíṣà, ṣé o ti jẹun?" Ni mo bá bú sẹ́kún.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí."

"Kí ni mo fẹ́ forí jì? Ohun tó o rí lo kà."

Kò dá mi lẹ́bi rí títí tó fi kú. Èmi ni mi ò tíì bọ́ ńbẹ̀. Bí mo bá fẹ́ ka èsì ìdánwò, mo máa ń kà á dé òpin ìlà kí n tó la ẹnu, àwọn ọmọ á máa kùn pé tíṣà ń fi nǹkan falẹ̀. Mi ò bá wọn wí. Wọn ò mọ̀ pé ẹnu mi yìí ló jí ọkùnrin kan dìde lójú ìyàwó rẹ̀, tó sì tún pa á kí obìnrin náà tó dìde nílẹ̀.